Pẹpẹ Ìdílé Láti Ọdún Tuntun Dé Ọdún Tuntun

Ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ ló máa ń fi ìpinnu ńlá bẹ̀rẹ̀ ọdún: aago mẹ́rin ìdájí la ó máa jí gbàdúrà, orí Bíbélì mẹ́wàá la ó máa kà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì la ó máa gbààwẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, ìyá ti gba ọjà lọ, àwọn ọmọ ń sáré bá ọkọ̀ ilé-ìwé, bàbá nìkan ló kù nínú yàrá tó ń dá gbàdúrà. Kì í ṣe pé ìfẹ́ Ọlọ́run ti kúrò lọ́kàn wọn. Ẹrù tí wọ́n dì ló ju agbára ẹni tó fẹ́ rù ú lọ. Ohun kékeré tó ní àkókò àti ìwọ̀n ni ìgbàgbọ́ inú ilé máa ń dúró lé, àkókò àti ìwọ̀n náà la sì fẹ́ sọ níbí, bí ọdún ìjọ ṣe ń lọ àti bí ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò ṣe ń gbapò ara wọn nílẹ̀ Yorùbá.

Ìṣẹ́jú 15 tó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ ìdílé, ìyẹn àdúrà tí gbogbo ilé jọ ń gbà lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ilé tó ní ọmọdé. Ẹ pín in báyìí: orin kan, ẹsẹ méjì péré, ìṣẹ́jú 2; Bíbélì kíkà, ẹsẹ mẹ́jọ sí méjìlá, ìṣẹ́jú 3; ìbéèrè kan lórí ohun tí ẹ kà, kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ dáhùn, ìṣẹ́jú 3; àdúrà, ìṣẹ́jú 6; Àdúrà Olúwa àti oore-ọ̀fẹ́ tí a fi ń parí àdúrà, ìṣẹ́jú 1. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà wákàtí kan, kó lọ gbà á nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀bùn àdúrà tí Ọlọ́run fún àgbà kan kò gbọdọ̀ di ìyà fún ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ní ti àkókò, ẹ so ó mọ́ ohun tí kì í yẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má so ó mọ́ aago nìkan. Bí gbogbo ilé bá jọ ń jẹun àárọ̀, kí àdúrà ṣáájú oúnjẹ. Bí ìyá bá ń jáde lọ́jà kí aago márùn-ún tó lù, alẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ṣáájú oúnjẹ alẹ́, torí ọmọ tó bá ti yó ẹ̀bà, oorun ló kàn. Ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń pa á. Kí oore-ọ̀fẹ́ ti parí kó tó di ìgbà náà.

Àwọn ìjọ Aládúrà mọ ọ̀rọ̀ wákàtí yìí dáadáa. Aago mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta, ẹ ó rí wọn lórí ìkúnlẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 3 náà sọ pé wákàtí kẹsàn-án, èyí tó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán wa, ni Pétérù àti Jòhánù gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì lè fi aago méjìlá ọ̀sán ka Àdúrà Olúwa wúyẹ́wúyẹ́. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan, oníbàárà kò sì ní mọ̀.

Fún kíkà, ẹ fi ìwé Máàkù bẹ̀rẹ̀. Orí 16 ló ní. Bí ẹ bá ń ka nǹkan bí ìdajì orí lójúmọ́, ẹ ó parí rẹ̀ láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀. Ìwé Òwe ní orí 31, ó bá ọjọ́ inú oṣù mu: lọ́jọ́ 12, ẹ mú ẹsẹ mélòó kan nínú Òwe 12. Àgbà tó bá fẹ́ ka gbogbo Bíbélì láàárín ọdún kan, orí 1,189 ló wà níwájú rẹ̀. Kó ka mẹ́ta lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó ka márùn-ún lọ́jọ́ Ìsinmi. Mẹ́tàlélógún ni lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 yóò sì kárí rẹ̀. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ àtijọ́ pọ̀ nínú ìtẹ̀jáde ti àwọn bàbá wa. Ẹ wá ìtẹ̀jáde òde òní tó ní àmì ohùn fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá kíkà, ẹsẹ méjì péré ni kó máa kà. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ márùn-ún kà, ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ tún ṣe fún un. Bí ẹ bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, lọ́jọ́ kejì yóò ní ọ̀fun ń dun òun.

Ohun tó ń ba pẹpẹ ìdílé jẹ́ jù lọ ni kí òbí máa fi àdúrà báni wí. "Olúwa, gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ẹ̀mí ọ̀lẹ." Ọmọ náà gbọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́, láti ọjọ́ náà lọ pàṣán ni àdúrà lójú rẹ̀. Bí ìbáwí bá wà, ẹ pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìgbà mìíràn. Èkejì ni kí ẹnì kan ṣoṣo máa darí lójoojúmọ́. Ẹ yí i ká: bàbá lọ́jọ́ Ajé, ìyá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àkọ́bí lọ́jọ́rú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni gbèsè: ẹ pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, ẹ wá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 45 san án lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ti òní, kẹ́ ẹ máa lọ.

Bí àwọn ọmọ bá ti wà lókè òkun, ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìpè fídíò. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó dọ́gba. Lẹ́yìn náà Èkó á fi wákàtí kan ṣíwájú. Houston a máa fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn Èkó nígbà tí ooru bá mú lọ́hùn-ún, á di méje nígbà òtútù. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ní Èkó rọrùn fún gbogbo wọn.

Ẹ tún ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ẹ fa ìlà òpó mẹ́ta sí i: ọjọ́ tí a béèrè, ohun tí a béèrè, ọjọ́ tí ìdáhùn dé. Kí ohun tí ẹ bá kọ ṣe pàtó. "Kí Ọlọ́run bùkún wa" kò ṣeé fi ọjọ́ sí. "Kí owó ilé-ìwé Kẹ́hìndé pé kí wọ́n tó wọlé" ṣeé fi ọjọ́ sí. A ó padà sórí ìwé yìí.

Kóńgò, owó iṣẹ́ àti ìdámẹ́wàá

Òwe 11:1 sọ pé òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa, ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tó ń wọn gààrí gan-an. Kóńgò a máa di èké nígbà tí wọ́n bá lu ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí tí wọ́n bá fi páálí tàbí àbẹ́là yíyọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ yẹ tiyín wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹ bu omi kún kóńgò tuntun dé ẹnu, kẹ́ ẹ dà á sínú èyí tí ẹ fi ń tajà. Bí omi bá ṣẹ́ dànù, tiyín ti kéré jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíràn má baà gbé e lò. Èènì dára, ṣùgbọ́n èènì lórí kóńgò tó kéré, owó oníbàárà náà lẹ ń dá padà fún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba oníṣẹ́ síṣẹ́, bíríkìlà, aránṣọ, ọmọ ọ̀dọ̀, kó ka Deutarónómì 24:15. Ọjọ́ náà gan-an ni kó san owó, kí oòrùn tó wọ̀. Kí èyí lè ṣeé ṣe, ẹ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́ rárá.

Ìdámẹ́wàá máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé nítorí pé tọkọtaya kì í pinnu ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé lórí gbogbo owó oṣù ni, àbí lórí èyí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí? Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, ó parí. Oníṣòwò ní tirẹ̀, èrè ni kó fi ṣírò. Bó bá ta ọjà ₦100,000, tí owó tó fi rà á jẹ́ ₦80,000, tí owó ọkọ̀ jẹ́ ₦5,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, ìdámẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,500. A mọ̀ pé àwọn kan ń san án lórí gbogbo ohun tí wọ́n tà, ọkàn rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ₦10,000 nínú èrè ₦15,000, bí owó ilé àti oúnjẹ bá dé lórí ìyókù, ojú-owó ni wọn yóò fi san án. Ìgbà díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà yóò fi ṣófo.

Lẹ́ńtì nínú ooru

Ọjọ́rú Eérú ni Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 46 ṣáájú Àjíǹde. Ẹ yọ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà tó wà láàárín wọn, nítorí ìrántí àjíǹde Olúwa ni ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kó wá ku 40. Ní ọdún 2027, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Ẹ wo àkókò náà dáadáa: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí ooru mú jù lọ lọ́dún lọ́dọ̀ wa, kí òjò àkọ́rọ̀ tó tún ilẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣubú lulẹ̀ nínú ìsìn. Òùngbẹ ló sábà máa ń gbé wọn ṣubú, kì í ṣe ebi.

Nítorí náà, ẹ gba àwẹ̀ oúnjẹ, ẹ máa mu omi. Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. Mẹ́rin jẹ́ lítà méjì, ẹ má mu dín sí i láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ máa já àwẹ̀ ní aago méjìlá. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ mú un dé aago mẹ́ta, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e lè dé aago mẹ́fà láàárín Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ìlànà ìjọ Àgùdà fúyẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ: Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ àwẹ̀ tó di dandan, fún ẹni ọdún 18 sí 59, oúnjẹ gidi kan àti kékeré méjì tí àpapọ̀ wọn kò tó odindi oúnjẹ kan; ẹni tó ti pé ọdún 14 kò sì ní jẹ ẹran lọ́jọ́ náà.

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo òògùn àtọ̀gbẹ: kí wọ́n má gba àwẹ̀ oúnjẹ àfi tí dókítà wọn bá fọwọ́ sí i. Bí aláàtọ̀gbẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tó ń làágùn, tí òyì ń kọ́ ọ, ṣúgà ara rẹ̀ lè ti wálẹ̀ jù. Kó mu omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de "Àmín". Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè gba àwẹ̀ fóònù láti aago mẹ́fà alẹ́, tàbí àwẹ̀ ẹran, kí wọ́n sì bá ilé péjú síbi àdúrà.

Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ já àwẹ̀, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá mu ẹ̀kọ gbígbóná tàbí kẹ́ ẹ jẹ ìbẹ́pẹ. Oúnjẹ gidi lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà, ọbẹ̀ aláta àti mínírà tútù já a, inú rírun ni yóò fi sùn.

Àìsáyà 58 ni kí àwẹ̀ yín dúró lé: ẹ bu oúnjẹ yín fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ ra kóló kan. Iye tí oúnjẹ ọ̀sán yín ì bá ná yín, ẹ jù ú sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ₦1,000, ọjọ́ 40 á jẹ́ ₦40,000. Kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú orúkọ ẹni tó máa gbà á, opó kan ládùúgbò, ọmọ kan tí wọ́n lé nílé-ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó náà á di owó epo ọkọ̀. Bí àwọn ọmọ bá gba imọ̀ ọ̀pẹ lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ẹ fi há ògiri lókè ibi tí ẹ ti ń gbàdúrà. Ẹ dá a padà fún ìjọ kí Ọjọ́rú Eérú ọdún tó ń bọ̀ tó dé, torí imọ̀ gbígbẹ yẹn ni wọ́n ń sun di eérú.

Lẹ́yìn Gálílì

Àjíǹde dé, a lọ sí Gálílì, ìyẹn ìjáde fàájì ọjọ́ kejì Àjíǹde, lọ́jọ́ Ajé, a jẹ ìrẹsì, ìsinmi parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 50 ni ayọ̀ Àjíǹde, títí di Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ní orí 28. Ẹ ka mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje yóò gbé yín dé ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì gẹ́lẹ́.

Àkókò tó tẹ̀ lé e ló nira jù. Láti ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, dé Àdífẹ́ǹtì tó ṣáájú Kérésì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ọdún, kò sì sí àjọ̀dún ńlá nínú rẹ̀ tó máa ta èèyàn jí. Aṣọ àwọ̀ ewé ló wà lórí pẹpẹ ìjọ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìgbà náà ni òjò ń fi ojoojúmọ́ rọ̀, tí oko ń fẹ́ ríro, tí owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án ń kanlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni pẹpẹ ìdílé ti sábà máa ń kú. Ẹ dín in kù kó má baà kú: ìṣẹ́jú 7, Sáàmù kan, Àdúrà Olúwa. Jákọ́bù 5:7 sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tó ń fi sùúrù dúró de òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrọ̀, kò sì sí àgbẹ̀ tó ń dá iṣẹ́ dúró láàárín òjò méjèèjì.

Àìsàn àti ọ̀fọ̀

Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ. Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì máa lo òògùn yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20:7). Ẹni tó bá ní kí aláìsàn da òògùn nù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè hàn, ẹ má tẹ̀ lé e. Ní ọsibítù, ẹ má lò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ rọ ohùn yín sílẹ̀, aláìsàn tó wà ní ibùsùn kejì náà fẹ́ sùn.

Bí ẹnì kan bá ṣọ̀fọ̀, ẹ jókòó tì í. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. "Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọlọ́fọ̀ lè sọ fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ gbé omi wá, ẹ fọ abọ́, ẹ bá wọn kó àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kàwé, Sáàmù 90 tàbí Jòhánù 14:1-6 tó. Ẹ wá padà lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí èrò ti tú ká, torí ìgbà náà ni ilé máa ń dákẹ́ jù. Ẹbí tó bá sì fẹ́ yá owó èlé ra aṣọ òkú, kí àgbà onígbàgbọ́ kan nínú wọn dìde sọ pé rárá. Ọmọ tí òkú fi sílẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ìkórè

Ìtìjú máa ń bá èèyàn lọ́jọ́ Ìkórè nítorí pé oṣù tí wọ́n máa ṣe é ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí wá owó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Bí ẹ bá fẹ́ mú ₦60,000 wá ní oṣù kọkànlá, ₦6,000 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá ni. Ẹ dá a sínú àjọ pẹ̀lú ẹni mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ yín, kẹ́ ẹ tọrọ pé kí kíkó tiyín kẹ́yìn. Ẹ má yá owó sọ́gundogójì ṣe Ìkórè láé. 2 Kọ́ríńtì 8:12 sọ pé ohun tí èèyàn ní ni Ọlọ́run ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní.

Bó bá jẹ́ irè oko lẹ fẹ́ gbé wá, iṣu àti àgbàdo gbígbẹ ló dára jù, wọ́n á lè dúró de ìgbà tí ìjọ máa tà wọ́n. Tòmátì àti ewébẹ̀ máa ń bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ wọn lẹ ní, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tà wọ́n níbi básà ọjọ́ náà gan-an.

Léfítíkù 19 tún dá pèéṣẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ìkórè: kí olóko fi eteetí oko sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Bóásì tilẹ̀ ní kí àwọn olùkórè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkà jábọ́ nítorí Rúùtù. Ẹ fi ebè kan nínú ogún sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún opó tó wà nítòsí pé kó wá wà á fúnra rẹ̀. Oníṣòwò lè ya kóńgò kan sọ́tọ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé

Àdífẹ́ǹtì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ṣáájú Kérésì. Ní 2026, ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ to àbẹ́là mẹ́rin sórí àwo, kẹ́ ẹ tan ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan nígbà náà, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí aṣọ fèrèsé, ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìhìnrere Lúùkù ní orí 24: ọ̀kan lójúmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, ẹ parí rẹ̀ ní àìsùn Kérésì.

Lọ́jọ́ Kérésì, ẹ kọ́kọ́ di abọ́ àwọn aládùúgbò kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó jẹun, tí ẹ bá sì di abọ́ ti Mùsùlùmí tó gbé ẹran Iléyá fún yín, kó má jẹ́ ìdí ìkòkò.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, ẹ mú ìwé òpó mẹ́ta yẹn jáde ní aago mẹ́jọ, kẹ́ ẹ tó múra àìsùn. Kí àwọn ọmọ kà á sókè láti ojú ewé kìn-ín-ní. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ dé, ẹ dúpẹ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òpó kẹta rẹ̀ ṣì ṣófo, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tuntun, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.